Bí wọ́n ṣe ń yọ oró inú èso black bean nínú igbó Daintree

Àwọn Kuku Yalanji, ẹ̀yà onílẹ̀ kan tí àwọn kan nínú wọn ń gbé ní Wujal Wujal létí odò Bloomfield, ní àríwá Queensland ní Ọsirélíà, ti ń jẹ èso igi ńlá inú igbó tí wọ́n ń pè ní black bean yìí (kì í ṣe ẹ̀wà dúdú o) láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ oró wà nínú ẹ̀ o. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣa ohunkóhun, àwọn ló ni ilẹ̀, 2021 nìjọba dá Daintree National Park padà fún wọn.

Ẹ bó kóró tó já bọ́, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ kó òkúta gbígbóná sí i, ẹ tẹ́ ewé lé e, ẹ kó kóró sí i, ẹ bò ó pa títí á fi jinná. Ewé atalẹ̀ igbó ló dáa. Ẹ má ṣèèṣì já gympie-gympie mọ́ ọn, wèrèpè ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tó bá jinná, ẹ rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ìkarahun ìgbín làwọn àgbà máa ń dá lu, etí ihò yẹn mú bí abẹ. Gírétà ìdáná lèmi ń lò, kò wọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé. Iná ò lè pa oró yẹn, omi tó ń ṣàn ló ń gbé e lọ, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tán. Ẹnì kan tí mo mọ̀ rẹ ẹ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì mọ́jú bí ẹni rẹ ẹ̀wà àkàrà, ó jẹ ẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kó sùn lóru ọjọ́ kejì. Omi tó dúró sójú kan, oró náà ṣì wà nínú ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá sì gé e nípọn, ẹ̀yìn nìkan lomi máa fọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kí àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ pé ó ti tó.

Odò kékeré orí òkè ni kẹ́ ẹ wá, ọ̀nì wà nínú odò ńlá. Àwọn Jirrbal àti Girramay ní gúúsù ibẹ̀ ń fi pàǹkẹ́rẹ́ hun jawun, apẹ̀rẹ̀ tó ní ìwo méjì nísàlẹ̀, omi á gba inú ẹ̀ kọjá, kóró ò ní bá a lọ. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ fi àpò àlùbọ́sà méjì wọ inú ara wọn, ẹ so ó mọ́ gbòǹgbò igi dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gún un, ẹ mọ ọ́n pẹlẹbẹ, ẹ sun ún lórí ẹyín iná. Kò dùn kò korò, oyin lèmi fi ń jẹ ẹ́.