Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ìràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe orin, kọ ìtàn, kẹ́ ẹ tún kọ́ nípa ojú ọ̀run

Tó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń ṣe orin, tẹ́ ẹ tún ń kọ ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì, tí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti àgbáálá ayé náà ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ohun táwọn èèyàn máa sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ pín àkókò, ọjọ́ Ajé fún orin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ìtàn, wíkẹ́ńdì fún ìràwọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá padà sí ọ̀kan, ẹ máa ti gbàgbé ibi tẹ́ ẹ bá a dé, àárín ọ̀nà ni gbogbo ẹ̀ sì máa wà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kẹ́ ẹ mú nǹkan kan lójú ọ̀run, kẹ́ ẹ sọ nọ́ńbà ẹ̀ di orin, kí orin yẹn fún yín ní ìtàn, kí ìtàn náà wá bi yín ní ìbéèrè tó máa lé yín padà sídìí ìwé. Ìràwọ̀ kan ni mo máa fi ṣe é níbí, látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín ká jọ ṣe é.

Kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé olórin ò lè ṣe iṣẹ́ ìràwọ̀. William Herschel, ọmọ Hanover ní Jámánì tí wọ́n bí ní 1738, olórin ni, òun ló ń tẹ dùùrù ní Octagon Chapel nílùú Bath ní Íńgíláǹdì, symphony (orin gígùn fún ọ̀pọ̀ ohun èlò ìkọrin) tó kọ jẹ́ 24. Ìwé kan tí Robert Smith kọ nípa bí ohùn orin ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń kà, ló bá rí i pé ọkùnrin yìí kan náà kọ̀wé nípa ìmọ́lẹ̀ àti awò, ó kà á, kò sì lè dúró mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe awò awọ̀nàjíjìn. Ní 13 March 1781 ó fi ọ̀kan nínú àwọn awò yẹn rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Caroline, àbúrò ẹ̀ obìnrin, akọrin lòun náà, òun náà wá rí comet (ìràwọ̀ onírù) 8. Ìdí orin ni Herschel ti bá ẹ̀kọ́ ojú ọ̀run pàdé, kò pín ara ẹ̀ sí méjì.

Ní ti sọ́fíwíà, ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ọ̀fẹ́ ni LMMS, ọ̀fẹ́ ni MuseScore fún ẹni tó máa ń kọ nóòtì, Reaper náà á jẹ́ kẹ́ ẹ fi 60 ọjọ́ dán an wò. Ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó ń fi gbogbo alẹ́ dáunlóòdù plugin (àfikún sọ́fíwíà) kò ṣe orin kankan lálẹ́ yẹn. Ẹ tún ṣí spreadsheet kan, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń báni ṣírò nọ́ńbà, èyí tó bá wà lórí fóònù yín náà tó, torí ìṣirò díẹ̀ wà níwájú.

TRAPPIST-1 ni ìràwọ̀ wa. Ó wà lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Aquarius lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ń rìn fún nǹkan bí 40 ọdún kó tó kàn wá lójú. Ìràwọ̀ kékeré pupa ni, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 9 nínú 100 ti oòrùn wa. Michaël Gillon àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Liège ní Belgium kéde ní 2016 pé pílánẹ́ẹ̀tì 3 ló ń yí i po, nígbà tó fi máa di February 2017 wọ́n ti di 7. Wọn ò fojú rí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ni wọ́n ń wò, bí ọ̀kan bá ti gba iwájú ẹ̀ kọjá ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, á padà, lẹ́yìn iye ọjọ́ kan náà á tún dín. Ohun tó ń padà wá lásìkò kan náà bẹ́ẹ̀, olórin mọ ohun tó ń jẹ́.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe pílánẹ́ẹ̀tì méjèèje, láti b dé h. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń yípo sílẹ̀: b 1.51, c 2.42, d 4.05, e 6.10, f 9.21, g 12.35, h 18.77. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀, NASA Exoplanet Archive, àkójọ nípa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ míì po, ní in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dohùn. Hz túmọ̀ sí ìgbà mélòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá bíi 1,622,000 ló wà nínú 18.77 ọjọ́, ẹ pín 1 sí i, nọ́ńbà kékeré kan ló máa jáde, etí kankan ò lè gbọ́ ọ. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ octave kan lọ sókè, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó máa jẹ́ 82.75 Hz, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ okùn E tó nípọn jù lórí gìtá (82.41 ni ìyẹn). Ohùn pílánẹ́ẹ̀tì h nìyẹn, a ò fi tiwa kún un, a kàn gbé e sókè ni. Fún àwọn tó kù, ẹ fi ọjọ́ tiwọn pín 18.77 kẹ́ ẹ wá fi 82.75 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ní jìnnà sí g 125.8, f 168.7, e 254.6, d 383.6, c 641.4, b 1028.

Nínú Audacity, ẹ lọ sí Generate, ẹ mú Tone, ẹ tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, tíráàkì tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Amplitude, ìyẹn bí ohùn ṣe máa ròkè tó, ẹ fi sí 0.1, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a, tí méjèèje bá ké pa pọ̀, ohùn máa fọ́. Ẹ wá tẹ play. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ solfa ní kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbọ́ ọ kíákíá: tí h bá jẹ́ do, àwọn tó kù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè jẹ́ so, do, so, re, ti, so. Àmọ́ kò wọlé tán. Gbogbo wọn ló fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, f tó yẹ kó jẹ́ 165.5 tó bá jẹ́ octave h gan-an, 168.7 ló jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe, ẹ má fi tuner kankan fà á wálẹ̀. Ẹ yí waveform (irú ìgbì ohùn) sí sawtooth fún h àti f nìkan, ẹ gbọ́ bí ohùn méjèèjì ṣe ń gbọ̀n, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yẹn ni àmì pé nǹkan gidi lẹ ń gbọ́. Ní ojú tèmi, òun ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ni mo rò kí n tó dé ibi ìlù.

Ìlù wá ni o. Pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú máa ń sáré ju èyí tó wà níta lọ, torí náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó máa lé e bá, á sì ré e kọjá. Iye ọjọ́ tó wà láàárín ìpàdé kan sí òmíràn, báyìí la ṣe ń ṣírò ẹ̀: ẹ fi ọjọ́ ti àkọ́kọ́ pín 1, ẹ fi ọjọ́ ti èkejì pín 1, ẹ yọ èkejì kúrò lára àkọ́kọ́, ẹ wá fi ohun tó kù pín 1. Fún ìṣirò yìí, nọ́ńbà tó gùn ni kẹ́ ẹ lò. b àti c ń pàdé lẹ́yìn ọjọ́ 4.02. c àti d, 6.03. d àti e, 12.04. e àti f, 18.08. f àti g, 36.2. g àti h, 36.1. Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín ọjọ́ 36 àti díẹ̀, ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, èkejì lẹ́ẹ̀mẹfà, ìkẹta lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì, méjì tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé síra láìkù síbì kan! Solfa ò wọlé, àmọ́ ìlù wọlé. Agbára òòfà ló fà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa àwọn tó múlé gbè é, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so kọ́ra, ìpàdé wọn ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Tẹ́ ẹ bá wá dúró lórí e, d ń gba ẹ̀yìn wá ré yín kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ní àsìkò tí ẹ̀yin fi ń ré f kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta wọ méjì. Ẹni tó bá ti gbọ́ agogo àti ìlù níbi ijó wa mọ ìlù yẹn lẹ́sẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú sọ́fíwíà rèé. Ẹ fi time signature sí 9/8, kẹ́ ẹ lo semiquaver, 18 ló wà nínú bar kan (ìpín kan nínú orin), step là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan níbí, ó sì jẹ́ ọjọ́ 2 lọ́hùn-ún. Ìlù ìpàdé b àti c máa dún lẹ́yìn step 2 méjì-méjì, c àti d lẹ́yìn 3, d àti e lẹ́yìn 6, e àti f lẹ́yìn 9, f àti g lẹ́ẹ̀kan ní bar, g àti h lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní step kìíní, kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún pé gbogbo wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sún wọn síwájú sẹ́yìn títí etí yín á fi gbà á. Ẹ jẹ́ kí bar kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ wá fi àwọn ohùn méje yẹn sábẹ́ ẹ̀. Ìlù tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ lè lò, gúdúgúdú fún àwọn tó ń sáré máa dáa gan-an, ìyáàlù fún g àti h.

Níbi táwọn kan máa ti sinmi ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sórí e. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ máa kọjú sí ìràwọ̀ nígbà gbogbo, ìyẹn ni pé oòrùn ò ní yọ, kò sì ní wọ̀, ọ̀sán títí láé níbì kan, òru títí láé níbòmíì. Ọdún kan jẹ́ ọjọ́ 6.1 tiwa, ọmọ ogún ọdún nílé wa á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,200 ọdún níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá fi ń mọ ìgbà? Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá ni, d àti f, ìlù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn ni aago wọn. Ìjà sì wà nínú ẹ̀, torí ọdún 3 lórí e jẹ́ ọjọ́ 18.30, àmọ́ ìpàdé e àti f jẹ́ 18.08, ó fi wákàtí bíi 5 yàtọ̀ síra. Ẹgbẹ́ kan ń fi yíyípo kà á, ẹgbẹ́ kejì ń fi ìpàdé kà á, kí ọjọ́ 500 àti díẹ̀ tó pé, wọ́n ti fi odindi ọdún kan yàtọ̀ síra. Bẹ́ ẹ bá rántí bí àríyànjiyàn ṣe máa ń rí lórí bóyá oṣù ti lé nígbà Ràmàdáànì, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lè wọnú ilé, wọnú ìgbéyàwó, wọnú ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó lu ìlù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn dúró máa ṣàlàyé 18.30 fún wa o. Ẹ jẹ́ kí ìyá kan ti se oúnjẹ ọdún, kí àbúrò ọkọ ẹ̀ má wá, torí ọdún tiẹ̀ ò tíì pé.

Ibi tí ìtàn bá ti bi yín ní ìbéèrè, ẹ lọ kàwé. Ṣé èèyàn lè gbé lórí b? Ní 2023 wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn James Webb wọn ooru ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìràwọ̀ gbóná tó nǹkan bí 230 °C, ó sì jọ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí afẹ́fẹ́ lórí ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi àbúlé síbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo ẹ̀ sí, bíró aláwọ̀ búlúù fún ohun tí wọ́n ti wọ̀n, bíró pupa fún ohun tẹ́ ẹ fọkàn yà. Òfin yìí ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí tí búlúù àti pupa bá ti dàpọ̀, ìtàn yín á di irọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ yín náà á di àròsọ. Ní ti àkókò, tí iná bá wà, orin. Tí wọ́n bá mú iná lọ, fóònù tó fún ìtàn. Tójú ọ̀run bá mọ́, ẹ bọ́ síta.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ, sí àgbáálá ayé gan-an, octave náà lẹ máa lò. Ìmọ́lẹ̀ tó dàgbà jù tá a lè rí jáde nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bí 380,000 ọdún, ó ti ń rìn fún ohun tó lé ní 13 bílíọ̀nù ọdún, bí àgbáálá ayé sì ṣe ń fẹ̀ ló ń na ìmọ́lẹ̀ náà, ó ti nà án ní ìlọ́po nǹkan bí 1,100. Fún olórin, octave 10 lọ sílẹ̀ nìyẹn, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ẹ fa orin tẹ́ ẹ ṣe yẹn wálẹ̀ ní octave 10: ohùn b tó jẹ́ 1028 Hz á di ẹyọ kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn á di ìlù.

Ẹ sì tún nílò ohun tẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí, torí TRAPPIST-1 kò ṣeé fojú lásán rí. Ẹ wá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter lórí Stellarium, sọ́fíwíà tó ń fi ibi tí nǹkan wà lójú ọ̀run hàn, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ẹ gbé awò olójú méjì síbi tí kò ní mì, ẹ máa rí àwọn òṣùpá ẹ̀ bí àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ máa yàwòrán ibi tí wọ́n wà lálaalẹ́ (nígbà ọyẹ́ eruku lè bo gbogbo ẹ̀, ẹ fara dà á). Mẹ́ta lára wọn rèé: Io ń yípo ní ọjọ́ 1.77, Europa 3.55, Ganymede 7.15. Ẹ gbé wọn gba ọ̀nà kan náà tá a gbà lókè. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún yín ṣáájú pé ohùn wọn ò ní fún yín ní nǹkan púpọ̀, octave lásán ni, do, do, do, nítorí náà ìpàdé wọn ni kẹ́ ẹ ṣírò, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ orin yẹn látorí ìlù.