Bí mo ṣe tún ìwé orúkọ àwọn àlejò wa kọ

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìbàdàn gba àlejò 39 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni wọ́n ní kí n to orúkọ wọn sínú ìwé, kí n ṣe káàdì àyà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí n sì pè wọ́n ní ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo pè é. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó gbà mí, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é fún ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́.

Àyè méjì péré ni ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí a fi ránṣẹ́ sí wọn: orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ. Orúkọ ìdílé ni mo fi tò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Mo ti tẹ gbogbo káàdì tán kí n tó pe arábìnrin kan ní Addis Ababa nípa yàrá tí yóò sùn, mo sì fi orúkọ tí ó wà ní àyè ti ìdílé kí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Bàbá mi ni ẹ kí yẹn, mà.”

Ní Etiópíà, orúkọ ẹni fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣáájú, ti bàbá rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ti bàbá bàbá rẹ̀ sì lè tẹ̀ lé ìyẹn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ orúkọ ìdílé nínú wọn. Bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Haile ni orúkọ sárésáré ńlá tí ó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ní 1996 àti 2000. Gebrselassie tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, bàbá rẹ̀ ni. Abiy Ahmed tí ó di olórí ìjọba wọn ní 2018 náà, Dókítà Abiy ni wọ́n ń pè é nílé. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo tún ìwé mi wò: tọkọtaya kan wà láàárín wọn tí mo ti fi sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé orúkọ wọn kò jọra.

Mo da gbogbo káàdì náà nù. Mo la ìwé tuntun sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ ní kíkún bí ẹni tí ó ni ín ti ń sọ ọ́, èyí tí a óò fi pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí orúkọ náà ṣe di tirẹ̀, bí ó bá fẹ́ sọ, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ. Mo bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ó ka orúkọ rẹ̀ sórí WhatsApp fún mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bí ó ti máa ń sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú sùúrù.

Ọ̀nà kẹta ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Láàárín àwọn Akan ní Gánà, ọjọ́ tí a bí ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ kí òbí tó ronú: Kofi ni ọkùnrin ọjọ́ Ẹtì, Afua ni obìnrin, Yaw àti Yaa ni ti Ọjọ́bọ̀, Kwame àti Ama ni ti Àbámẹ́ta. Kofi Annan tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹrin ọdún 1938, ni wọ́n bí i ní Kumasi. Annan túmọ̀ sí ọmọ kẹrin, ó sì tún ń jẹ́ Atta nítorí pé ìbejì ni òun àti arábìnrin rẹ̀. Àwọn Ìgbò náà ń fi ọjọ́ sọ ọmọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà wọn mẹ́rin ni, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, níbi tí Okeke àti Okafọ ti wá. Àwa Yorùbá ní Abíọ́dún àti Abọ́sẹ̀dé, àmọ́ bí ọmọ ṣe jáde wá ni a ń wò jù: Ìgè fi ẹsẹ̀ wáyé, Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn.

Láti Kẹ́ńyà, mo gbọ́ pé láàárín àwọn Luo, Otieno àti Atieno ni àwọn tí a bí lóru. Ti àwọn Kikuyu ni ó yà mí lẹ́nu: akọ́bí ọkùnrin ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì ń jẹ́ ti bàbá ìyá rẹ̀, bí àwọn àgbà náà tilẹ̀ wà láàyè. Babátúndé tiwa kì í wáyé àfi bí bàbá bá ti lọ. Mo rò ó títí. Ẹ̀bùn ńlá ni fún arúgbó láti gbọ́ kí a máa fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ ọwọ́.

Arábìnrin kan tí ó jẹ́ Xhosa láti Gúúsù Áfíríkà ní kí n fi orúkọ ìran òun pe òun, bí wọ́n ti ń pe Mandela ní Madiba. Rolihlahla ni bàbá Mandela sọ ọ́. Olùkọ́ ni ó fún un ní Nelson ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ilé-ìwé. Ohun tí arábìnrin náà ń béèrè yé mi dáadáa, nítorí bí ẹnìkan bá kí mi ní ọmọ Oníkòyí, orí mi a wú. Ó wá bi mí nípa orúkọ ìdílé tèmi. Mo sọ òtítọ́ fún un: orúkọ àbísọ bàbá bàbá mi ni, ilé-ìwé ni ó sì ní kí bàbá mi fi kún tirẹ̀. Bàbá bàbá mi kò ní orúkọ ìdílé rí.

Orúkọ tí a ń pe ẹni ni mo fi tò wọ́n nígbẹ̀yìn. Mo fi àmì ohùn wa sórí gbogbo orúkọ bí mo ti ń gbọ́ ọ, ó sì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, pàápàá fún ti Ìgbò àti Akan. Àmì kò lè ran mi lọ́wọ́ lórí x èdè Xhosa, ìró tí ahọ́n ń ta ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu; alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ohùn arábìnrin náà, tí mo ń wí tẹ̀ lé e, kí ẹnu mi tó gbà á.

Ní ọjọ́ ìwé-ẹ̀rí, mo pe gbogbo wọn láìwo ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù wa ti yí padà láti ìgbà náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ báyìí ni: “Kí ni kí a máa pè yín?”