Omi wọ kòtò púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì: bí mo ṣe yọ ọ́ kúrò

Toyota Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní sìlíńdà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Nígbà tí mo ṣáná sí i, ó dáhùn, àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìró salẹ́ńsà kò dọ́gba, òórùn bẹntiróòlù sì ń jáde lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ń mísì nìyẹn: epo inú àwọn sìlíńdà kan kò jóná bó ṣe yẹ.

Iná check engine kò kàn tàn, ṣe ló ń ṣẹ́jú. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣẹ́jú yẹn. Epo tí kò jóná nínú sìlíńdà ń wọ catalytic converter lọ, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà salẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti ń jóná, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì tó ń dáná sí epo nínú sìlíńdà, mo ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́, mo sì fọwọ́ pa fílítà náà. Ó gbẹ. Ká ní ó tutù rinrin ni, tàbí tí omi dúró sí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, mi ò ní ṣáná mọ́ rárá. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Tí omi bá gba ibẹ̀ dé inú sìlíńdà, tó sì kún orí písítìnì, ọ̀pá tó gbé písítìnì dání ni yóò tẹ̀.

Mo so sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, mọ́ ojú OBD2 tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbé kódù P0300, P0302 àti P0303 wá. P0300 ń sọ pé sìlíńdà tó ń mísì ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú àwọn yòókù ni nọ́ńbà sìlíńdà fúnra rẹ̀. Ìhà fáńbẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ka sìlíńdà kìíní, torí náà àwọn méjì tó wà láàárín ni. Tí irú kódù báyìí bá jáde, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún oníkọ̀ ni pé kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ó máa ń dùn mí, nítorí owó ńlá ni kọ́ìlì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ omi lásán ló sábà máa ń fà á.

Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ nínú kòtò tó jìn, rọ́bà gígùn kan ló sì ń gbé iná láti ara kọ́ìlì lọ bá púlọ́ọ̀gì. Iná náà ju 10,000 fólítì lọ. Omi tí ọṣẹ àti ẹrẹ̀ ti pò mọ́ máa ń gbé iná dáadáa, nítorí náà iná á gba inú omi fò mọ́ ògiri kòtò, kò ní dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ohun tó mú omi dé ibẹ̀ gan-an ni gbígbóná ẹ́ńjìnnì: omi tútù mú kí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kòtò sún kì, ó sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó ti le wọlé. Rọ́bà yìí kan náà ló wá dé omi mọ́ inú. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè ṣí bónẹ́ẹ̀tì sínú oòrùn láti àárọ̀ dọ̀sán kí ọkọ̀ ṣì máa mísì.

Mo fi sípánà 10 tú orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù, mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, mo sì fẹ́ ẹrẹ̀ kúrò lórí àwọn kọ́ìlì kó má bàa já sínú kòtò. Mo kọ 1 dé 4 sí wọn lára. Mo rọra tẹ ahọ́n orí wáyà kí n tó fà á, torí pé pẹpẹ ni píláásítíìkì tó ti gbó máa ń kán. Bóòtù 10 kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́ìlì sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tó fà á sókè, kí rọ́bà má bàa já sínú ihò.

Rọ́bà kọ́ìlì kejì ń kán tó-tó bó ṣe jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò: omi eléèrí ti bo orí púlọ́ọ̀gì, ìfófòó ọṣẹ ṣì léfòó lójú rẹ̀.

Ibí ni àṣìṣe tó burú jù ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má tíì tú púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá ti dẹ̀ báyìí, gbogbo omi àti iyanrìn yẹn á ṣàn sínú sìlíńdà. Mo so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ sírínjì 20 mìlílítà, mo fi fa omi náà, mo wá fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fọganáísà fẹ́ ìyókù. Omi máa ń wà nínú táǹkì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ pẹ̀lú, nítorí náà mo ní kí fọganáísà tú omi náà sílẹ̀, mo sì fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi ń jáde ní gbígbẹ. Ẹ wọ gíláàsì, kí ẹ sì fi àkísà yí ẹnu kòtò ká, torí pé ẹrẹ̀ á ta sókè sójú. Mo wé àkísà mọ́ igi, mo nu ìsàlẹ̀ kòtò, mo tún fẹ́ ẹ.

Ìgbà yẹn ni mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 tú àwọn púlọ́ọ̀gì. Epo ti rin méjì, èyí kò yani lẹ́nu. Mo wò bóyá tánganran wọn ti sán, mo wọn àlàfo ẹnu wọn, 1.1 mìlímítà ló yẹ kó jẹ́. Púlọ́ọ̀gì ìrídíọ́mù ni wọ́n. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu wọn. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí wọn wọlé títí wọ́n fi jókòó, kí n tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì fún wọn díẹ̀. Álúmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì, ìlà róbótó inú ihò tí púlọ́ọ̀gì ń yí wọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Mo fi sípíríìtì nu rọ́bà àwọn kọ́ìlì, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Lára ti kejì, ìlà dúdú kan wà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láti ẹnu rọ́bà lọ sókè. Iná ti jó ọ̀nà fún ara rẹ̀ níbẹ̀, gbígbẹ kò lè tún un ṣe. Láti dá a lójú, mo gbé kọ́ìlì kejì sí ipò kẹrin, mo dá bátìrì padà, mo pa àwọn kódù rẹ́, mo sì ṣáná. P0304 nìkan ló jáde. Àìsàn náà tẹ̀ lé kọ́ìlì. Rọ́bà nìkan ni mo rà, mi ò ra kọ́ìlì. Mo fi gíríìsì dielectric, èyí tí kì í gbé iná, díẹ̀ pa inú ẹnu rẹ̀, mi ò jẹ́ kó kan sípíríǹgì. Ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́, kódù kankan kò sì padà lẹ́yìn tí mo ti wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ tiyín, ẹ dúró kó tutù tán, kí ẹ fi ọ̀rá wé orí àwọn kọ́ìlì, ọtanétọ̀ (alternator, ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì lágbára) àti ẹnu ilé fílítà, kí ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà tútù dípò ẹ̀rọ omi. Ẹ ka iye ọ̀rá tí ẹ wé, kí ẹ sì kà á padà kí ẹ tó ṣáná, torí pé fáńbẹ́ẹ̀tì lè fa èyí tó bá ṣẹ́kù wọlé.