Bí ìjì líle bá ń bọ̀, tí ọkàn yín sì wà lọ́dọ̀ ará erékùṣù

West Palm Beach ní Florida ni mò ń gbé. Òkun tó wà láàárín wa àti erékùṣù Grand Bahama kò tó ìrìn Èkó sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí ìjì Dorian kọlu Abaco, erékùṣù mìíràn ní Bahamas, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, inú ilé tí a ti kan pákó mọ́ fèrèsé ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wà. Ọmọ Marsh Harbour, ìlú kan ní Abaco, ni ọ̀rẹ́ mi yìí, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Máìlì 185 ní wákàtí kan ni atẹ́gùn náà ń sá ní Abaco.

Ẹ kọ́kọ́ tún ilé tiyín ṣe. Gálọ̀nù omi kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán ti ọjọ́ mẹ́ta. Gàrí, sàdínì, oògùn, owó lọ́wọ́. Ẹ má lẹ téèpù mọ́ gíláàsì, kò dá nǹkan kan dúró. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, kó má wọlé, kó má sì wà lábẹ́ fèrèsé. Májèlé inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn. Ojú oorun ló ń pa èèyàn sí.

Ẹ gbé ife omi sínú fìríìsà. Tó bá dì gbagidi, ẹ fi kọ́ìnì kan lé e lórí. Bí ẹ bá sá kúrò nílé, tí ẹ padà dé tí ẹ bá kọ́ìnì náà nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ pẹ́, yìnyín ti yọ́ kó tó tún dì. Ẹ da ẹran inú fìríìsà náà nù.

Bí ìjọba bá ní kí ẹ kúrò létí òkun, ẹ kúrò. Omi ń pani ju atẹ́gùn lọ. Bí ìjì bá sì dákẹ́ lójijì, ẹ má tíì jáde: ó lè jẹ́ ojú ìjì ló dé, apá kejì ṣì ń bọ̀.

Ti ará erékùṣù wàyí. Kí ìjì tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti pè wọ́n. Ẹ kọ orúkọ wọn ní kíkún, àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ sá sí, oògùn tí wọ́n ń lò, àti nọ́ńbà aládùúgbò kan. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò gbé màmá tí kò lè rìn? Ẹ bèèrè àwọn tó ń gbé ilé pákó pẹ̀lú. Ní The Mudd, níbi tí àwọn ará Haiti kó ara wọn jọ sí ní Marsh Harbour, wíwó ni ilé wọn wó lulẹ̀.

Tí atẹ́gùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má pè wọ́n léraléra, ìyẹn á jẹ bátìrì wọn tán. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ni kí ẹ fi ránṣẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ mi fi gbé fóònù lé àyà, kò lè jẹun. Mi ò sọ fún un pé kó má ronú. Mo ń po gàrí fún un ni, mo sì ń jókòó tì í. Aládùúgbò tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ló padà fèsì: “Màmá wà láàyè. Òrùlé ti lọ.”

Lẹ́yìn náà, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe àkísà. Èésú tiwa yìí, asue ni wọ́n ń pè é ní Bahamas. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ẹrú gbé kọjá òkun ló mú un débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú ọ̀kan. Obìnrin tí owó kàn lóṣù yẹn ní kí wọ́n gbé e fún màmá. Tapólì ìbolé àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ́kọ́ rà.