Káàdì Abẹ́rẹ́ Tó Dá Mi Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Owó ọkọ̀ nìkan ni mo rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù yóò ná mi. Kí n tó wọ wọ́ọ̀dù, ó ti gba ọ̀sẹ̀ méje, ó sì ti gba gbogbo owó tí mo kó jọ nídìí iṣẹ́ ìránṣọ lẹ́yìn ìdánwò WAEC. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Ọjọ́ méjì péré ni mo fi parí ti lẹ́tà, fọ́tò pélébé, ìwé ìyọ̀ǹda òbí àti onídùúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì tó ń gbà wá wọlé béèrè káàdì tí yóò fi hàn pé mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ran ènìyàn. Ìyá mi ní wọ́n gún un fún mi ní ìkókó, mo sì gbà á gbọ́, nítorí láti 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, 2007 ni wọ́n sì bí mi. Ṣùgbọ́n káàdì náà ti sọnù nígbà tí a kó kúrò ní Ìpẹrù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sí ibùdó ìlera tí wọ́n ti gún mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ìwé ńlá náà, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ ìyá mi hàn kedere, mo fi ìka tọ́ ọ, ṣùgbọ́n omi ti pa ìǹkì rẹ́ níbi tí ó yẹ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyẹn.

Nígbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé mo lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: abẹ́rẹ́ kìíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí kìíní bá pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èkejì ni wọ́n tó lè jẹ́ kí n wọ wọ́ọ̀dù. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ èyí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ǹ bá ti gba ti kìíní lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo wọlé tán, nọ́ọ̀sì kan dúró tì mí títí mo fi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, àti àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná, ó sì kìlọ̀ pé bí mo bá rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, n kò gbọdọ̀ mú un, kí n pe òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti ìyá àgbà kan láti Òde Rẹ́mọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, má tíì lọ.” Mo dúró tì í títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀. Orí mi wú gidigidi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ wá káàdì ìkókó rẹ̀ kí ó tó kọ lẹ́tà kankan. Bí kò bá sì rí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ kìíní, kí ó má fi ọ̀sẹ̀ ṣòfò bíi tèmi. Ẹ̀kẹta tèmi ku oṣù mẹ́rin. Mo ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì tuntun, ìyá mi sì ti fi ọ̀rá wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ òkè rẹ̀.