Bí A Ṣe Ń Yan Ìfági Oníná fún Pákó Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ti Ibi Ìlagi Dé

Pákó tó bá ti ibi ìlagi ní Àgbọ́wà wọ ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ojú rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, àpá ayùn á sì wà lára rẹ̀. Ìfági oníná á mú ojú yẹn jọ̀lọ̀, á tọ́ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí pákó nípọn bákan náà jálẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹ má tíì béèrè wáàtì. Ẹ kọ́kọ́ yí ìfági náà kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, láì tíì kì í mọ́ iná. Àtẹ́lẹ̀ méjì ló ní: ti iwájú ń lọ sókè sódò, òun ló ń pinnu bí abẹ ṣe máa jẹ igi tó, ti ẹ̀yìn kì í kúrò lójú kan. Ẹ yí bọ́tìnì tó ń gbé àtẹ́lẹ̀ iwájú sókè sódò sí 0, kí ẹ gbé rúlà irin lé méjèèjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, àtẹ́lẹ̀ ti wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Tòkunbọ̀ tó ti já bọ́ rí sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro láti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí róólà abẹ, ìyẹn irin tó ń yí tí abẹ wà lára rẹ̀: ẹnu abẹ gbọ́dọ̀ kan rúlà fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn. Bó bá yọ jù, á gbẹ́ kòtò sí ìparí pákó. Bó bá rẹlẹ̀, ìfági á máa gòkè títí kò fi ní jẹ igi mọ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 82. Ó tó fún etí pákó àti igi 2 by 3. Ẹni tó ń ṣe férémù 2 by 4 lójoojúmọ́ á gbádùn abẹ mílímítà 110 jù, bó tiẹ̀ wúwo.

Abẹ carbide (irin tó le gan-an) olójú méjì ló yẹ ìrókò, torí òkúta kéékèèké máa ń wà nínú igi náà tó ń pa abẹ. Bí ojú kan bá kú, ẹ yí i; àmọ́ abẹ méjèèjì tó wà lára róólà lẹ máa yí tàbí pààrọ̀ pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ róólà á máa gbọ̀n. Fún arère àti ọ̀mọ̀, abẹ irin tó ṣeé pọ́n ti tó. Ẹ béèrè bóyá abẹ, bẹ́líìtì àti kábọ̀n rẹ̀ (èyí tó ń gbé iná wọ mọ́tò) wà lọ́jà kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ iná wá kàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré 1 kVA kò lè gbé ìfági 850 wáàtì dáadáa. Mọ́tò á máa fà, á gbóná, á jó. Wáyà gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn.

Pákó tútù ń dí ẹnu ihò tí èérún ń gbà jáde, nítorí náà ẹ yan èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì to pákó sábẹ́ òrùlé, kí igi pẹlẹbẹ wà láàárín wọn, títí wọ́n á fi gbẹ. Ẹ yọ gbogbo ìṣó ara pákó kí ẹ tó fá a. Kí abẹ jẹ mílímítà kan lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ tẹ iwájú ìfági nígbà tí ẹ bá ń wọ orí pákó, ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde níparí. Ẹ bo imú, pàápàá fún ìrókò, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ náà lélẹ̀ títí róólà á fi dúró pátápátá.