Mo ti gbà wọ́n láyè, wọ́n ṣì ń wọ spam: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkọsílẹ̀ olùfiránṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi àdírẹ́sì ímeèlì ilé-iṣẹ́ tó ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí mo gbà láyè. Síbẹ̀, inú spam (ibi tí lẹ́tà tí a kò fẹ́ ń lọ) ni mo ti ń rí rìsíìtì wọn. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá àdírẹ́sì tí ẹ kọ ni wọ́n ń lò lóòótọ́. Orúkọ tó hàn lókè lẹ́tà kì í ṣe àdírẹ́sì. Ohun tó bá wu ẹni tó kọ lẹ́tà ló lè kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà kí àdírẹ́sì gan-an jáde, kí ẹ sì kà á létà kan tẹ̀lé òmíràn. iwe@example.com àti iwe@mail.example.com kì í ṣe ọ̀kan náà, asẹ́ mìíràn (ètò tó ń ya spam sọ́tọ̀) ò sì ní ka èkejì mọ́ èkíní.

Bí àdírẹ́sì bá pé, ẹ wo àpòòwé. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí. Ímeèlì kan ní àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ méjì. Ọ̀kan wà lórí lẹ́tà fún ojú yín, òun ni From. Èkejì ni àwọn máṣíìnì ń bá ara wọn sọ, òun sì ni ibi tí lẹ́tà máa padà sí bí kò bá ríbi dé. Return-Path ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì àpòòwé tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó padà. Bó bá jẹ́ pé àpòòwé ni asẹ́ yín ń wò, èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ ò ní bá a mu láéláé.

Lórí Gmail, ẹ ṣí lẹ́tà náà, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ mú "Show original". Ẹ máa rí SPF, DKIM àti DMARC, àyẹ̀wò mẹ́ta tó ń wá ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun kọ lẹ́tà náà ló ti wá, pẹ̀lú PASS (ó yege) tàbí FAIL (kò yege) níwájú wọn. Bí FAIL bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni àtúnṣe wà, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ PASS, ẹ tẹ "Not spam", kí ẹ sì ṣe filter (ìlànà tí Gmail á máa tẹ̀lé) fún àdírẹ́sì náà pẹ̀lú "Never send it to Spam".

Bó bá jẹ́ ímeèlì ibi iṣẹ́, asẹ́ iléeṣẹ́ lè ti mú lẹ́tà náà kó tó kan àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹni tó ń bójú tó ímeèlì níbẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Ìbéèrè: Nítorí kí lẹ́tà àwa òṣìṣẹ́ má bàa sọnù, mo fi gbogbo domain iléeṣẹ́ wa (ohun tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì) sínú àwọn tí a gbà láyè. Ní báyìí, lẹ́tà èké tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá wa ń bọ́ tààrà sínú inbox wa, ó ní ká sanwó.

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí yìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la. Ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ owó kàn pé kí wọ́n pe ọ̀gá lórí fóònù kí wọ́n tó sanwó kankan.

SMTP tí ímeèlì ń gbà rìn ti wà láti ọdún 1982, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ nígbà náà tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ni Lágbájá. SPF, DKIM àti DMARC ni wọ́n fi ń wá ẹ̀rí yẹn báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ asẹ́, bí ẹ bá gba domain kan láyè ní gbẹrẹfu, ẹ ti sọ pé kí wọ́n má wo ẹ̀rí mọ́. Olè tó gbé aṣọ onílé wọ̀ ló ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi asẹ́ kan tó ń jẹ́ SpamAssassin ṣe àpẹẹrẹ. Ó máa ń fún àbùkù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, lẹ́tà tó bá sì gba 5 ti di spam, àfi bí ẹ bá yí i padà. Ṣùgbọ́n welcomelist_from, àṣẹ tí wọ́n fi ń gba olùfiránṣẹ́ láyè nínú rẹ̀, máa ń yọ 100 kúrò. Lẹ́tà olè tó gba 12 á wá di -88, á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ lo welcomelist_auth dípò rẹ̀ (whitelist_auth ni lórí ẹ̀yà àtijọ́). SPF tàbí DKIM gbọ́dọ̀ jẹ́rìí kí òun tó gba ẹnikẹ́ni láyè. Ẹ má sì fi gmail.com tàbí irú rẹ̀ síbẹ̀ láé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ṣì máa la ojú yín. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ r àti n sún mọ́ra nínú domain, tó fi dà bí m. Ẹ wo exarnple.com lórí fóònù kékeré, ẹ ó rí i pé ojú lásán kì í tètè mú un.

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni mò ń dínà mọ́ àwọn oníspam. Ó ti lé ní 300 àdírẹ́sì, wọn ò dín kù.

Ìdáhùn: Wọn ò ní dín kù, nítorí àdírẹ́sì tí wọ́n lò lánàá kọ́ ni wọ́n ń lò lónìí. Ẹ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni. Nígbà mìíràn pàápàá, àdírẹ́sì aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni wọ́n jí lò, òun lẹ sì dínà mọ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ mọ̀, tí kò yí àdírẹ́sì padà, tí kò sì yé yọ yín lẹ́nu. "Report spam" ni kí ẹ máa tẹ̀ fún àwọn yòókù, ibẹ̀ ni asẹ́ ti ń kọ́gbọ́n.

Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín forúkọ sílẹ̀ fún, ẹ tẹ "Unsubscribe". Láti ọdún 2024 ni Gmail ti ní kí ẹni tó bá ń fi lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun lójúmọ́ jẹ́ kí èèyàn lè fi títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jáde nínú lẹ́tà ìpolówó. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ohunkóhun nínú lẹ́tà ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Ìbéèrè: Mo dínà mọ́ ẹnì kan lórí Gmail, mo ṣì ń rí lẹ́tà rẹ̀ nínú spam.

Ìdáhùn: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Gmail kì í dá lẹ́tà rẹ̀ padà, spam ló ń kó o sí, ó sì máa ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí n máa tún àkọsílẹ̀ yìí wò?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ti àwọn tí ẹ gbà láyè. Iléeṣẹ́ tí ẹ ò bá ṣòwò mọ́ lè jẹ́ kí domain rẹ̀ bọ́, ẹlòmíràn á rà á, ẹ̀rí rẹ̀ á jẹ́ PASS, àkọsílẹ̀ yín á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ máa wò ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ yọ èyí tí ẹ ò rántí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fi tuntun kún un, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.